Ọ́fíìsì Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn àti Afárá Kalubnan

Bí ẹ bá dé ìlú San Gaudencio lónìí, tí ẹ sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ni Ọ́nárébù Leoncio Barrameda, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kó tó dá yín lóhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà kan, bí ẹ bá rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti dárúkọ ọkùnrin yìí, Delfin Obias, akọ̀wé rẹ̀, yóò tẹjú mọ́ yín títí ẹ ó fi wá nǹkan mìíràn tí ẹ máa sọ pé òun lẹ ń rín.

Méyọ̀ ìlú wa ni. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ó wà lára garawa ìdọ̀tí, ó wà lára pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sókè ní pápá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, tó fi jẹ́ pé ojoojúmọ́ làwọn ọ̀dọ́ ń sọ bọ́ọ̀lù lù ú nímú. Òun gbà pé ìfẹ́ ni.

Bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ó lọ sí ìpàdé kan ní Manila, ó dìde, ó sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn ẹni ńlá. Obìnrin kan níbẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a tún ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣe, àwọn kan sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ́nárébù jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì. Níbi tí bọ́ọ̀sì ti dúró kí èrò jẹun, ó ra ìwé gírámà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ojú ìwé kan péré ló kà níbẹ̀. Ojú ìwé náà sọ pé bí ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọlé, ó ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn kékeré tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: to ló ń tẹ̀ lé solution, for ló ń tẹ̀ lé need, in ló ń tẹ̀ lé increase. Ọ́nárébù pa ìwé náà dé, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó rí ìràn. Kò ṣí ojú ìwé kejì títí di òní.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú ṣe tò sínú oòrùn láti kí àsíá, ó gba gbohùngbohùn.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “kí ló ń pa wá? Ẹ rò pé ìjì ni. Kì í ṣe ìjì. Ẹ rò pé ebi ni. Kì í ṣe ebi. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ ni a kò mọ̀. Ìlú tó bá fi of síbi tó yẹ kó fi to sí, ṣé irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè ní omi ẹ̀rọ?”

Kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn. Nítorí náà, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Delfin fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì rí i dájú pé Ọ́nárébù rí i nígbà tó ń nu ún.

Láti ọjọ́ yẹn, òfin ti jáde: ìjọba ìlú kò ní gba ìwé ìbéèrè kankan tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn inú rẹ̀ kò bá tọ́. Ẹ ní láti mọ̀ pé èdè Bíkol la fi ń ta ẹja níbí, òun náà la fi ń sunkún. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìjọba máa kà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n kó àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde nínú yàrá nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé tábìlì wọ ibẹ̀, wọ́n sì kọ Ọ́fíìsì Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn sára ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ nídìí àtẹ̀gùn.

Àràárọ̀ Mọ́ńdè ni Delfin ń dúró níwájú àsíá, táá kígbe ọ̀rọ̀-orúkọ kan, táwọn òṣìṣẹ́ á sì fi ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀ dá a lóhùn, bí ìgbà tí àlùfáà bá ń dárí àdúrà. Ìyá àgbà kan wà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, Àmín ló ń fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kù a máa ṣì í. Òun nìkan ni wọn kò bá wí rí.

Àwọn káńsílọ̀ náà kò jókòó lásán. Ọ̀kan nínú wọn sọ ajá rẹ̀ ní Unto. Òmíràn ní òun kì í jẹun alẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé òun ti ka ojú ìwé yẹn fún ìyàwó òun. Ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé ní Hong Kong láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkùnrin kan tí ilé ìdáná rẹ̀ ń jó. Ó sáré wá pe àwọn panápaná, wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ó kọ ọ́. Ọ́fíìsì jókòó lé ìwé náà lórí, wọ́n jiyàn, wọ́n rán ẹnì kan lọ bi Ọ́nárébù níbi tó ti ń gẹ irun. Nígbà tí wọ́n fi gbà pé ìwé náà dára, ilé ìdáná ti di eérú. Wọ́n wá ní kó lọ tún òmíràn kọ, torí pé kò sí iná mọ́, ìbàjẹ́ ló kù, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé ìbàjẹ́ sì yàtọ̀.

Ibí ni Kalubnan ti wọ inú ọ̀rọ̀. Abúlé kékeré ni, òdìkejì odò ló wà sí ìlú. Ìjì ọdún tó kọjá ló gbé afárá wọn lọ, orí ìgà, ìyẹn oparun tí wọ́n dì pọ̀ tó ń léfòó, tí wọ́n ń fi okùn fà, ni wọ́n ń gbà kọjá láti ìgbà náà. Bí òjò bá ti wọlé tán, odò á kún, ìgà kò ní ṣeé gùn, ẹni tó wà lápá ibí ti dúró síbí nìyẹn.

Olórí abúlé náà ni Kapitana Salvacion Nacario, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Manay Bacion. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rosenda, ti lóyún. Inú ọkọ̀ òkun ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn òkun. Oyún kejì lèyí. Ti àkọ́kọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ òjò ni ìrọbí mú un, wọ́n dúró sétí odò títí di ọ̀sán, wọ́n ń wo ilé agbẹ̀bí lókèèrè. Ọmọ yẹn kò mí. Eléyìí, oṣù kọkànlá ni wọ́n ń retí rẹ̀, nígbà tí omi máa ń pọ̀ jù lọ. Manay Bacion kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju pé kí afárá wà kí oṣù kọkànlá tó dé.

Ó kọ̀wé. Ọ́fíìsì dá a padà. Ó tún un kọ, wọ́n tún dá a padà, torí pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ti tọ́, òmíràn sì ti wọ́. Ó wá gun ìgà wá fúnra rẹ̀, ó dúró síwájú tábìlì Delfin.

“Màmá, ìwé yín ti ń súnmọ́ ọn o,” Delfin ní. “Ó kù díẹ̀.”

“Ìwọ ọmọ Obias, ṣé o ò mọ ohun tí mò ń wá ni? Bàbá rẹ mà ló kan afárá àtijọ́.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tèmi kò sí nínú òfin.”

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì bá wọn kọ òmíràn, ìwé tí kò ní àbùkù kankan. Ọ́fíìsì dá ìyẹn náà padà, wọ́n ní ó ti tọ́ jù, kí abúlé wá ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti rí i. Gbogbo ìgbà tí Manay Bacion bá tibẹ̀ dé, ikùn Rosenda á ti tún yọ sí i.

“Ìyá, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kékeré tẹ̀ lé gbogbo nǹkan,” ni Rosenda wí lọ́jọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn. “Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ló ń tẹ̀ lé aboyún?”

“Afárá,” ni ìyá rẹ̀ fi dá a lóhùn. Kò sì padà lọ sí ọ́fíìsì mọ́.

Wọ́n ṣèpàdé lábẹ́ igi àgbọn. Tiyo Baldo, gbẹ́nàgbẹ́nà tó dàgbà jù níbẹ̀, ní ìwé táwọn ti kọ ti pọ̀ tó, ká ní àwọn ń kó o jọ sínú odò ni, àwọn ì bá ti máa fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo Rosenda, Tiyo Baldo sì dìde lọ pọ́n àáké rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá fẹ́ gbé ilé rẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, àwọn aládùúgbò á wá, wọn á ti oparun bọ abẹ́ ilé náà, wọn á fi èjìká gbé e, wọn á rìn. Onílé kì í san nǹkan kan. Gbèsè kan ṣoṣo ló jẹ wọ́n: bí wọ́n bá ti sọ ilé kalẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo èjìká tó gbé e. Ẹni tó bá ní “tèmi ni”, ìkòkò rẹ̀ ló máa wà lórí iná. Ẹni tó bá sọ ọ́ tí kò sì dáná, ọmọ ọmọ rẹ̀ á ṣì máa gbọ́ ẹ̀sín rẹ̀ nílé ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe afárá. Wọ́n gé igi àgbọn, wọ́n tú wáyà irin lára ọkọ̀ ojú omi kan tó ti rì, wọ́n tú bóòtù àti nọ́ọ̀tù lára jíìpù tí kò lè rìn mọ́. Nítorí pé ti gbogbo wọn ni, ilé kọ̀ọ̀kan dáná ní ọjọ́ tirẹ̀. Oṣù kẹwàá kò tíì parí tí wọ́n fi ń rìn lórí rẹ̀, tó sì wá ku pákó díẹ̀.

Ní ìlú, nǹkan àjèjì kan ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe Kalubnan nìkan ni ọkàn wọn kúrò lọ́dọ̀ ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé wá mọ́. Tábìlì mọ́ tónítóní.

“Delfin,” Ọ́nárébù ní, “àwọn èèyàn kò béèrè nǹkan kan mọ́ ni?”

“Kò sóhun tí wọ́n ṣaláìní mọ́ ni, Ọ́nárébù. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn yín ti wò wọ́n sàn.”

Ọ́nárébù yíjú sí fèrèsé. Orí rẹ̀ wú. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣàkóso yín níbẹ̀ yẹn náà ní Delfin tiwọn, ẹ̀yin lẹ kàn ń pè é ní orúkọ mìíràn.

Ìdíbò ń bọ̀. Gómìnà Remedios Olaguer, obìnrin kan tó sanra dáadáa tí kò sì lọ́ra láti sọ tẹnu rẹ̀, ń wá ẹni tó máa fi ṣe igbákejì. Ọ́nárébù kọ̀wé sí i pé òun ti pa òṣì run ní San Gaudencio. Gómìnà dáhùn pé òun kò fẹ́ ìwé, iṣẹ́ lòun fẹ́ rí, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ibi tí iṣẹ́ náà bá wà lòun sì ti máa jẹun ọ̀sán.

Ọ́nárébù wo ìlú yíká, ó wá iṣẹ́ tí òun ti ṣe. Àwòrán ara rẹ̀ nìkan ló rí.

Delfin ló rántí. Ó ní afárá tuntun kan wà ní Kalubnan.

“Ta ló ṣe é?”

“Àwa ni, Ọ́nárébù. Wọ́n kọ̀wé sí wa, a dá a padà. Ká ní a gbà á ni, wọn ì bá ṣì jókòó máa retí wa. Nítorí pé a kò gbà á ni afárá fi wà. Àwa la ṣe é.”

Ọ́nárébù ronú sí i díẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Wọ́n tẹ aṣọ tapólì ńlá kan, èyí tó le dáadáa. Ojú Ọ́nárébù gba ìdajì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ solution to sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọn kò sì kọ ohun tó jẹ́ ojútùú sí, torí pé àyè ti tán. Wọ́n so ó mọ́ ẹnu afárá.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ṣú. Odò ti kún dé etí, ó ń sáré. Gbogbo Kalubnan jáde, wọ́n ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, wọ́n sì ti dáná sẹ́yìn ilé ìwé. Rosenda jókòó ti ìkòkò ìrẹsì, ó ń yí ìjókòó padà lóòrèkóòrè. Gómìnà dé láìjẹun àárọ̀. Wọ́n kọrin orílẹ̀-èdè, wọ́n gbàdúrà, Delfin dárúkọ gbogbo ẹni iyì tó wà níbẹ̀, ó tún dárúkọ àwọn tí kò wá. Ọ́nárébù bọ́ síwájú nínú ẹ̀wù barong fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó sọ ti ojú ìwé tó kà, ó sọ ti bọ́ọ̀sì, ó sọ ti ìmọ́lẹ̀ tó rí. Gómìnà ń wo èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ilé ìwé.

“Ní kúkúrú,” Ọ́nárébù ní, “afárá yìí, tèmi ni. Inú orí mi ló ti jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ti ta ni, ẹ ní ti Leoncio Barrameda ni.”

“Etí wa ò gbọ́ ọ dáadáa, Ọ́nárébù,” Tiyo Baldo sọ láti ẹ̀yìn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

Inú Ọ́nárébù dùn. Ó gbé gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu, ó tún un sọ. Òkè tó wà lódìkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sọ pé tèmi ni, tèmi ni.

Manay Bacion yíjú sí àwọn obìnrin. “Ẹ dé ìkòkò,” ó ní.

Wọ́n dé e. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì tò síwájú Ọ́nárébù, tọkùnrin tobìnrin, ewé lọ́wọ́. Ọ́nárébù rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó bi Delfin pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Delfin sọ̀rọ̀ sí i létí pé ó jọ pé wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí ewé fún wọn kí wọ́n fi ṣe ìrántí. Ọ́nárébù mú kálámù jáde, ó fọwọ́ sí ti ẹni àkọ́kọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn kan sí i.

“Kì í ṣe ìyẹn, Ọ́nárébù,” ni Manay Bacion wí. “Ẹ ní tiyín ni. Èjìká wa kò tíì jẹun.”

Gómìnà bú sẹ́rìn-ín. Abúlé bíi Kalubnan ni wọ́n ti bí i. Ó dìde, ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó lọ dúró lẹ́yìn ìlà. “Leoncio,” ó ní, “ebi ń pa èmi náà o.”

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára Ọ́nárébù, ẹ sì mọ bí barong ṣe máa ń rí bó bá tutù: gbogbo ikùn rẹ̀ ló hàn. Ó bi Delfin pé oúnjẹ dà. Delfin ní gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ ti bá tapólì lọ, pé bisikíìtì wà nínú mọ́tò. Ọ́nárébù pe ọ́fíìsì lórí fóònù pé kí wọ́n kó oúnjẹ wá kíákíá. Ọmọkùnrin tó gbé e ní òun ti gbọ́, sà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ wá, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kékeré tó máa tẹ̀ lé e.

Ìlà kò yẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n kàn di ewé mú.

“Leoncio,” Gómìnà tún pè é. “Mi ò ní í dúró síbí dalẹ́. Afárá yìí, ṣé tìẹ ni àbí kì í ṣe tìẹ?”

Ọ́nárébù sọ nǹkan kan sínú àyà ara rẹ̀.

“Gbohùngbohùn,” ni Tiyo Baldo wí.

“Kì í ṣe tèmi.”

Òkè gba ìyẹn náà, ó sọ ọ́ káàkiri.

“Ó tán,” ni Manay Bacion wí. “Tiwa ni. Ẹ ṣí ìkòkò.”

Wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n bu ewé kókò tí wọ́n sè nínú omi àgbọn àti ata, wọ́n bu ẹja. Gómìnà jẹ, ó tún jẹ. Ọ́nárébù ló gbẹ̀yìn ìlà. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ wo èjìká rẹ̀, ó bi í pé kí ló gbé. Kò gbé nǹkan kan. Tiyo Baldo bá nawọ́ sí pákó kan tó ṣẹ́kù létí odò, wọn kò tíì kàn án. Ọ́nárébù Leoncio Barrameda gbé pákó náà lé èjìká, ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lọ títí dé ibi tó ti ṣófo, ó gbé e kalẹ̀, ó padà wá, wọ́n sì fún un lóúnjẹ. Mo ti gbọ́ pé ó béèrè àlékún.

Ẹ ti lè mọ ìyókù. Gómìnà mú ẹlòmíràn. Nígbà ìdíbò, ìlú fi ìbò sọ fún Ọ́nárébù pé kó lọ ka ojú ìwé kejì. Nọ́ọ̀sì ti padà sínú yàrá rẹ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ṣì ń ṣe Àmín láràárọ̀ Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é sí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Kalubnan, kì í ṣe èyí ni wọ́n máa sọ fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n máa sọ. Rosenda gbé ṣíbí ìrẹsì kalẹ̀, ó di etí ìkòkò mú, ó ní, “Ìyá, ó ti dé.” Kò lè rìn. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn kò rí ohun tí wọ́n lè fi gbé e, àyàfi tapólì tó wà lẹ́nu afárá. Tiyo Baldo já okùn rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta mú igun mẹ́ta. Delfin Obias bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú igun kẹrin. Wọ́n gbé Rosenda sórí rẹ̀, lórí ẹ̀rín ńlá Ọ́nárébù yẹn, wọ́n rìn lórí afárá, omi ń hó nísàlẹ̀, Manay Bacion ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

Ọmọbìnrin ni. Igbe rẹ̀ dé òdìkejì odò kí òjò tó dá.

Ọjọ́ yẹn sì ni Ọ́nárébù kọ́kọ́ gbé ẹnikẹ́ni kọjá odò.